ISQ já wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta: ṣé ìmpílántì ló dẹ̀, àbí ìwọ̀n wa ló ṣì?

EyínTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Eyín ẹ̀yìn lókè ni, apá ọ̀tún, nọ́ńbà 16. Ìbú ìmpílántì (síkúrù tí a gbìn sínú egungun dípò gbòǹgbò eyín) jẹ́ mìlímítà 4.1, gígùn rẹ̀ 10. Tọ́ọ̀kì ọjọ́ ìfisí, ìyẹn agbára tí a fi yí i wọlé, jẹ́ 35 Ncm. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ISQ (nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń sọ bí egungun ṣe di ìmpílántì mú tó) láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́ 68, láti iwájú sí ẹ̀yìn 71. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí a ṣí ìdérí ìwòsàn tó bo ẹnu ìmpílántì, ó di 57 àti 63. Kò sí ìrora, kò wú, kò sí ọyún, X-ray sì mọ́. Èèkàn SmartPeg kan náà, ọ̀pá kékeré olóòfà tí a ń dè mọ́ ìmpílántì kí ẹ̀rọ lè wọ̀n ọ́n, la lò lẹ́ẹ̀mejèèjì; a ti sè é nínú autoclave. Aláìsàn ń kánjú adé eyín rẹ̀ nítorí ìgbéyàwó tó ń bọ̀. Ṣé kí a yọ ọ́ ni, ṣé kí a dúró, àbí ẹ̀rọ ló ń parọ́?

BabaEyín

Má yọ nǹkan kan, má sì gbé adé kankan lé e síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lo wọ̀n ọ́n, àsìkò tí nọ́ńbà sì máa ń rẹlẹ̀ jù nìyẹn. Lọ́jọ́ ìfisí, egungun ló fún síkúrù mọ́ra bí ìgbà tí a kan èèkàn mọ́ ilẹ̀ líle. Agbára ìfúnmọ́ra lásán ni, ìdàpọ̀ kò tíì wà níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ egungun á máa kó èyí tí a tẹ̀ pa nígbà tí a ń lu ihò kúrò, bí ẹni tó fẹ́ tún ilé kọ́ ṣe máa ń kọ́kọ́ wó ògiri tó ti sán. Egungun tuntun kò tíì pọ̀ tó láti gba ipò rẹ̀. Ìfúnmọ́ra ti àkọ́kọ́ ń lọ, ìdìmú tòótọ́ ń bọ̀, àárín méjèèjì ni kòtò yẹn wà. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, nọ́ńbà á ti máa gòkè padà bí nǹkan bá lọ déédéé. Ìmpílántì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà gíga ló máa ń já jù. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ lè má já rárá, kó kàn máa gùn díẹ̀díẹ̀.

Síbẹ̀, kí ó já ní 11 lọ́dọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀ lójú mi láti di gbogbo rẹ̀ ru ara nìkan. O ní èèkàn kan náà lẹ lò, ẹ sì ti sè é. Ibẹ̀ ni ojú mi wà.

Nọ́ọ̀sìÀwo

Ibẹ̀ ni ojú tèmi náà wà, Baba. Alumíníọ̀mù ni SmartPeg, irin rírọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má bàa jẹ eyín inú ìmpílántì ni, ìyẹn ìlà yíyípo tí síkúrù ń gbà wọlé. Nítorí náà, eyín tirẹ̀ ló máa ń jẹ. Aláìsàn kan, ìjókòó kan ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é fẹ́ kí a lò ó fún, lẹ́yìn náà kó lọ sínú àpótí ìdọ̀tí. Èèkàn tí eyín rẹ̀ ti jẹ kò ní jókòó ṣinṣin, ẹ̀rọ á sì ka dídẹ̀ èèkàn náà bí ẹni pé ìmpílántì ló dẹ̀. Bí owó èèkàn bá ń dunni, MulTipeg wà, títéníọ̀mù ni, òun ni wọ́n ṣe fún sísè àti àtúnlò. Ẹ fara balẹ̀ lórí èyí tí ẹ̀rọ yín lè kà.

Bí a ṣe ń to iṣẹ́ náà nìyí, kí EyínTuntun wò ó bóyá ibì kan fò:

Ẹ yọ ìdérí ìwòsàn. Ẹ fi omi iyọ̀ fọ inú ihò, ẹ fà á gbẹ pẹ̀lú sọ́kíṣọ̀n, ẹ fi òwú kékeré nu ún. Ẹ̀jẹ̀ dídì tó bá wà nísàlẹ̀ ihò kò ní jẹ́ kí èèkàn wọlé tán. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ má ṣe fẹ́ afẹ́fẹ́ síbẹ̀ o, torí ó lè gba ojú ọgbẹ́ wọ abẹ́ ẹran, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú bí àkàrà.

Lẹ́yìn náà ẹ wo nọ́ńbà èèkàn lórí àtẹ ilé iṣẹ́. Ìbú ìmpílántì nìkan kò tó láti fi yan èèkàn: orúkọ ẹni tó ṣe é àti irú ihò inú rẹ̀ ló ń pinnu. Ìmpílántì méjì tó jẹ́ 4.1 lè gba èèkàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èèkàn tí kì í ṣe tirẹ̀ lè wọlé, kó jọ pé ó fún, kó sì fún yín ní nọ́ńbà tí kò nítumọ̀.

Ìka ọwọ́ lẹ ó fi dè é, pẹ̀lú ohun ìdìmú rẹ̀, títí yóò fi dúró: 4 sí 6 Ncm. Ẹ má fi rátẹ́ẹ̀tì, irin tí a fi ń yí síkúrù le, sún mọ́ ọn. Bó bá dẹ̀, ISQ á wálẹ̀. Bí ẹ bá fún un jù, eyín alumíníọ̀mù á bọ́.

Ẹ fi dígí wo ìdí èèkàn yípo. Èrìgì kò gbọ̀dọ̀ kàn án, egungun kò gbọdọ̀ kàn án, eyín ẹ̀gbẹ́ pàápàá kò gbọdọ̀ kàn án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, egungun a máa yọ lé èjìká ìmpílántì díẹ̀. Èèkàn á wá jókòó lórí egungun dípò kó jókòó nínú ihò rẹ̀.

Ìgbà yẹn lẹ ó gbé imú ẹ̀rọ sí orí òòfà èèkàn, mìlímítà 2 sí 4 sí i, láìfara kàn án. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ tó wọ̀n láti iwájú. Ẹ tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe títí nọ́ńbà kan náà yóò fi jáde lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ń fò láti 61 sí 66 sí 59, ẹ tú èèkàn, ẹ tún un dè. Bí ẹ̀rọ bá ń ké láìka nǹkan kan, ẹ pa mọ́tò ìlu, èyí tí a fi ń lu ihò, tó wà nítòsí, ẹ gbé fóònù kúrò lórí àwo.

OníGángan

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe, kó ronú sí gángan. Bí onílù bá fún ọsán mọ́ra, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń fi agbára òòfà ta èèkàn kó lè máa gbọ̀n, ó sì ń fetí sí ohùn tí èèkàn fi dáhùn. Egungun tó dì í mú le á mú kó gbọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Egungun tó rọ̀ á jẹ́ kó falẹ̀.

Neil Meredith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ọ̀nà yìí, tí a ń pè ní RFA, jáde ní 1996. Ẹ̀rọ ìgbà náà ní wáyà, apá tí wọ́n ń dè mọ́ ìmpílántì sì dà bí lẹ́tà L. Hz, ìyẹn iye ìgbà tí ó gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ló ń kà, láti nǹkan bí 3500 sí 8500, irú ìmpílántì kọ̀ọ̀kan sì ní ohùn tirẹ̀ tí kò ṣe é fi wé ti òmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yí i padà sí ISQ, 1 dé 100. Osstell ti ìlú Gothenburg ló gbé e dé ọjà. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe Osstell ní Osstem o. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ni ti àkọ́kọ́, Sweden ni. Ilé iṣẹ́ ìmpílántì ní Kòríà ni èkejì. Mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ ṣì lórí ìwé ọjà tí wọ́n fẹ́ rà.)

Nǹkan méjì tí ó yẹ kí EyínTuntun di mú níbẹ̀. Ohun tó yọ sókè lórí egungun ń yí ohùn padà, bí ọ̀pá gígùn ṣe ń mì ju kúkúrú lọ. Ìmpílántì tí ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ ní mìlímítà 2 lókè egungun á ka nọ́ńbà tó kéré ju èyí tó rì tán, bí ìdìmú wọn tilẹ̀ dọ́gba. Bákan náà ni èyí tí ẹ wọ̀n láti orí àbọ́tímẹ́ńtì, ìyẹn ọrùn tí adé eyín ń gùn lé, kò ṣe é fi wé èyí tí ẹ wọ̀n láti ẹnu ìmpílántì fúnra rẹ̀.

Èkejì: nọ́ńbà yìí kì í rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà. Láti 60 dé 70, mímì ìmpílántì ń dín kù ní ìlàjì. Nítorí náà ìrìn láti 57 sí 63 ṣe pàtàkì ju ìrìn láti 77 sí 83 lọ.

Ọwọ́Wẹ́rẹ́

Gbogbo ẹ ń bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ. Tọ́ọ̀kì 35 ti tó. Ọ̀pọ̀ ń fi 35 gbé adé ìgbà díẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan náà.

Abẹ́Ọ̀bẹ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀. Tọ́ọ̀kì sọ bó ṣe le tó láti yí síkúrù wọlé. ISQ ń sọ bó ṣe le tó láti tì í sí ẹ̀gbẹ́. Ìbéèrè méjì ni. Níbi tí egungun bá tín-ínrín, síkúrù lè jẹ egungun dáadáa, kí tọ́ọ̀kì dé 45, síbẹ̀ kí ògiri ọ̀dọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ má tó mìlímítà 1, kí ISQ ẹ̀gbẹ́ yẹn sì rẹlẹ̀. Níbi tí egungun bá rọ̀, bí ẹ̀yìn òkè yìí gan-an, tọ́ọ̀kì lè jẹ́ 20 péré, ṣùgbọ́n kí egungun líle ẹnu ihò di ọrùn ìmpílántì mú, kí ISQ jẹ́ 66. Ẹ má fi ẹnu ọ̀kan pe èkejì ní òpùrọ́. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Tọ́ọ̀kì sì jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ìmpílántì bá ti wọlé, ẹ ò lè tún un wọ̀n láìba nǹkan jẹ́. Àwọn kan máa ń yí i padà sẹ́yìn pẹ̀lú 20 Ncm nígbà tí wọ́n bá ṣí i, láti wò ó bóyá yóò dúró. Lójú tèmi, nínú egungun rírọ̀ ìyẹn dà bí fífa ẹ̀gẹ́ tu láti mọ̀ bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Bó bá dúró, ó dára. Bí kò bá dúró, ẹ ò ní mọ̀ láé bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i ì bá ti gbà á là.

Nípa 35 ọ̀hún: mọ́tò wo ló kà á? Orí ìlu tí eyín inú rẹ̀ ti gbó máa ń jẹ nínú agbára kó tó dé ìmpílántì, mọ́tò á sì kọ 35 níbi tí 27 dé. Ẹ máa tún un wọ̀n bí ìwé rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀, kí ẹ sì fi rátẹ́ẹ̀tì olówọ̀n wádìí ìyípo tó gbẹ̀yìn.

Ní òdìkejì, ẹ má dunnú sí 70 Ncm. Nínú egungun líle iwájú ìsàlẹ̀, bí mọ́tò bá dúró, ẹ yí i padà ìyípo kan tàbí méjì, ẹ tún wọ̀ ọ́. Bó bá tún dúró, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi tap, irin tó ń la ojú ọ̀nà fún síkúrù, la eyín sínú ihò tàbí kí ẹ gbòòrò sí ẹnu rẹ̀. Egungun tí a fún pa á kú, ìjábọ́ ọ̀sẹ̀ kẹta á sì jìn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sọ òpin tọ́ọ̀kì tirẹ̀; ẹ má ya ti ẹlòmíràn lò.

Bí ó bá wá ń yí lẹ́nu ihò ńkọ́, tí kò sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́? Ẹ má de èèkàn mọ́ ọn, torí dídè yẹn náà á máa yí i. Ẹ fi ìdérí pẹlẹbẹ dé e, ẹ rán èrìgì bò ó, ó di oṣù 3 sí 4 ní ìsàlẹ̀, ó di nǹkan bí 6 lókè.

Ọwọ́Wẹ́rẹ́

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé 35 kò wúlò rárá.

Abẹ́Ọ̀bẹ

Ó wúlò, ẹ̀gbọ́n. 35 pẹ̀lú ISQ 70 sókè ní ìhà méjèèjì, tí adé ìgbà díẹ̀ kò sì kan eyín ìsàlẹ̀ rárá, mo fara mọ́ ọn fún eyín kan ṣoṣo. 35 nìkan, lẹ́yìn òkè, rárá.

Àdùkẹ́Peckham

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin dókítà, èmi kì í ṣe oníṣẹ́ eyín. Ìyá mi ni wọ́n fi ìmpílántì sí lẹ́nu ní oṣù méjì sẹ́yìn. Dókítà ní kí màmá máa bọ̀ lẹ́yìn oṣù kan sí i, nọ́ńbà kò tíì tó. Màmá ní àwọn ò lè fọwọ́ mì í. Ṣé kò sí ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ nílé?

BabaEyín

Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ mì í, àti màmá fúnra wọn. Ìmpílántì tí ọwọ́ bá lè mì ti bàjẹ́ kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí egungun ń wò, bí ó bá ń yẹ̀ ju nǹkan bí maikirómítà 50 sí 150 lọ, ẹran lásán ló máa yí i ká dípò egungun. Mìlímítà kan jẹ́ maikirómítà 1000, ẹ ò lè rí ìyẹn lójú. Oṣù kan sí i kò pọ̀. Nígbà tí Brånemark bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Sweden, oṣù 3 ni wọ́n ń dúró fún àgbọ̀n ìsàlẹ̀, oṣù 6 fún ti òkè, láìsí ẹ̀rọ kankan tí yóò sọ fún wọn pé ó ti tó.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé: kí màmá má fi ìhà yẹn jẹ ẹran gbígbẹ, ẹ̀pà tàbí egungun, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ìdérí náà lójoojúmọ́, bí ìrora bá dé, tàbí ìdérí bá yí fúnra rẹ̀, kí wọ́n pe dókítà wọn lọ́jọ́ náà.

Alágbẹ̀dẹEyín

Lọ́dọ̀ wa nílé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe adé, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń padà wá léraléra: "ìmpílántì ń mì." Lọ́pọ̀ ìgbà, síkúrù àbọ́tímẹ́ńtì ló tú. Ẹ yọ adé kí ẹ tó pariwo. Bí síkúrù bá ti dẹ̀, ẹ fọ ọ́, ẹ wo eyín rẹ̀ lábẹ́ awò. Bó bá ti jẹ, ẹ fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ dè é sí iye tí ilé iṣẹ́ sọ, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, ẹ tún un dè sí iye kan náà, torí irin méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé máa ń jókòó mọ́ra, agbára ìdè á sì dín kù. Bí ẹ bá yọ adé tán tí ìmpílántì fúnra rẹ̀ sì yẹ̀, ìyẹn ti di ọ̀ràn mìíràn.

Nítorí èyí, ẹ jẹ́ ká máa ṣe adé onísíkúrù níbi tó bá ṣeé ṣe. Èyí tí ẹ fi sìmẹ́ńtì lẹ̀, ẹ ò ní lè de èèkàn sínú ìmpílántì rẹ̀ mọ́ láìgé adé yẹn.

Ọwọ́Wẹ́rẹ́

Periotest, ẹ̀rọ ìwọ̀n mìíràn, kò nílò èèkàn. Ẹnikẹ́ni ṣì ń lò ó?

OníGángan

Ó ṣì wà, ó sì ní ibi tó ti dára ju RFA lọ. Jámánì ni, Schulte ní Tübingen ló dá a sílẹ̀, eyín àdánidá ló sì kọ́kọ́ ṣe é fún. Ọ̀pá kékeré kan ń jáde láti imú rẹ̀, ó ń kan eyín ní ìgbà 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 4, ẹ̀rọ sì ń wọn bó ṣe pẹ́ tó lára eyín kó tó padà. Ìmpílántì tó le á dá a padà kíákíá. Nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ láti −8 dé +50, bó bá sì ṣe kéré tó ló ṣe dára tó, òdìkejì ISQ. −8 dé 0 dára. +1 dé +9, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ má tíì gbé ẹrù lé e. +10 sókè kò dára.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ọwọ́ tó dì í mú ló ń sọ nọ́ńbà. Imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja, kó dojú kọ àbọ́tímẹ́ńtì ní igun 90, kó jìnnà sí i ní mìlímítà 0.7 sí 2. Bí orí aláìsàn bá dagun, tí ọ̀pá wá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ìwúwo ọ̀pá náà á dá sí i. Bí ẹ bá kan ibi tó ga ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, nọ́ńbà á yí padà láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ nínú egungun. Ẹ fi kálámù sàmì sí ibi tí ẹ kàn.

Ibi tó ti wúlò ni ìmpílántì sàkóníà (irú amọ̀ funfun líle kan) alára-kan, tí kò ní ihò síkúrù tí èèkàn lè wọ̀, àti adé onísìmẹ́ńtì tí Alágbẹ̀dẹ sọ. AnyCheck ti Kòríà náà ń kan nǹkan bí tirẹ̀, a sì lè kàn án lórí ìdérí ìwòsàn láìyọ ọ́. Ẹ kàn rántí pé ìdérí gíga àti ìdérí kúkúrú kì í ka nọ́ńbà kan náà.

EyínTuntun

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Èèkàn tuntun ti dé, nọ́ńbà tó bá ìmpílántì mu lórí àtẹ. Ọ̀sẹ̀ kẹrin: ọ̀dọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ 63, iwájú sí ẹ̀yìn 67, lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta láìyí. Èyí àtijọ́ tí a tún gbé síbẹ̀ láti fi wé e ka 57 àti 64, ó sì ń yẹ̀ lábẹ́ ìka bí a bá tì í. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà wo ni kí n tún wọ̀n ọ́n?

BabaEyín

Káre. Ó ti yé ọ báyìí: 6 nínú 11 yẹn, èèkàn ló jẹ ẹ́. 5 tó kù, ara ló ni ín, ó sì bá àsìkò mu.

Má wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo ìgbà tí o bá yọ ìdérí ìwòsàn lo ń ya èrìgì tó ti ń lẹ̀ mọ́ ọrùn ìmpílántì, bó bá sì ń ṣẹlẹ̀ léraléra, egungun ẹnu ihò á máa sá sísàlẹ̀. Tún wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kó o sì tún wọ̀n ọ́n kó o tó gba àwòṣe fún adé. Ní 16, bí ìhà méjèèjì bá dé 70 tàbí sókè, máa bá adé lọ. Bó bá dúró ní 65 sí 69 tó sì dọ́gba lẹ́ẹ̀mejì tó tẹ̀ léra, mo lè gbé adé ìgbà díẹ̀ lé e, kí ẹrù máa wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìsàlẹ̀ 60 ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 sí i, ya X-ray, kó o sì béèrè bóyá ó ń dùn ún nígbà tí o bá ń de èèkàn. Ìmpílántì tó ti dàpọ̀ kì í dunni nígbà dídè. Bó bá dunni, tàbí tó bá bá èèkàn yí, kò sí ìdàpọ̀ níbẹ̀: yí i jáde, ha ihò rẹ̀ mọ́, jẹ́ kí egungun sàn kó o tó ronú òmíràn.

Kì í ṣe òfin tí a gbẹ́ sára òkúta o. Níbi tí ìmpílántì mẹ́rin tàbí mẹ́fà bá so pọ̀ mọ́ igi kan, wọ́n ń gbé ara wọn ró, a sì lè gba nọ́ńbà tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí èyí.

Ní ti ìgbéyàwó: ẹ̀rín ta ló ń fi 16 hàn? Bí ó bá ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, fún un ní ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gun orí gbogbo eyín òkè, tí a fi eyín ike dí àlàfo yẹn, tí a sì gbẹ́ inú rẹ̀ kó má kan ìdérí ìwòsàn. Kó yọ ọ́ bó bá ti kan oúnjẹ.

OjúX-ray

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí mo rí "X-ray mọ́" nínú ìbéèrè, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè bí wọ́n ṣe yà á. Bí fíìmù kò bá dúró ní ìbámu pẹ̀lú gígùn ìmpílántì, ẹ ò ní rí eyín síkúrù ní mímọ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, egungun ẹnu ihò á sì farahàn níbi tí kò sí. Ẹ lo ohun ìdìmú fíìmù, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí eyín síkúrù yóò fi ya ara wọn sọ́tọ̀. Kódà, àwòrán tó dára ń fi iwájú àti ẹ̀yìn nìkan hàn. Ògiri ọ̀dọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí 57 ti wá, fara pamọ́ sẹ́yìn irin.

Kí a má sì gbé ISQ ju bó ṣe tó lọ. Àrùn tó ń jẹ egungun láti ẹnu ihò lè jẹ ìdajì, kí ìsàlẹ̀ ṣì dì í mú, kí nọ́ńbà ṣì dára. Lẹ́yìn tí adé bá ti wà níbẹ̀, ọ̀pá ike tí a fi ń wọn jíjìn èrìgì, tí a tẹ̀ jẹ́jẹ́, àti ẹ̀jẹ̀ tó bá jáde, máa ń tètè sọ̀rọ̀ ju ẹ̀rọ lọ.

Abẹ́Ọ̀bẹ

Kí ni ẹ ń ṣe nípa ẹni tó ṣe tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Tọ́kì, tó wá dé Èkó tí kò mọ orúkọ ìmpílántì? Kò sí èèkàn tí ẹ lè yàn fún un.

Nọ́ọ̀sìÀwo

Ẹ béèrè káàdì ìmpílántì kí ẹ tó gbé e jókòó. Ọ̀pọ̀ gbà á, wọ́n kàn jù ú sínú báàgì ni. Bí kò bá sí, kí ó kọ ìwé sí ilé ìwòsàn tó ṣe é. Sítíkà tó ní nọ́ńbà ìmpílántì wà nínú fáìlì rẹ̀ níbẹ̀. X-ray á jẹ́ kí ẹ fojú dá irú ihò inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìfojúdá de èèkàn.

Àwọn tiwa náà, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wa. Ohun tí a ń kọ sí káàdì lẹ́yìn ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan: déètì, nọ́ńbà eyín, orúkọ, ìbú àti gígùn ìmpílántì pẹ̀lú sítíkà rẹ̀, tọ́ọ̀kì ọjọ́ ìfisí, nọ́ńbà èèkàn, àti bóyá tuntun ni, bóyá ẹnu ìmpílántì la ti wọ̀n ọ́n tàbí orí àbọ́tímẹ́ńtì, ISQ ọ̀dọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀, ISQ iwájú sí ẹ̀yìn lọ́tọ̀, a kì í pín wọn sí méjì, gíga ìdérí ìwòsàn, ẹni tó wọ̀n ọ́n. EyínTuntun, tún káàdì ti 16 yẹn kọ, kó o sì fa ìlà sórí 57 àti 63, kó o kọ "èèkàn àlòkù" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Má pa á rẹ́.